Àṣẹ Ìjọba àti Ẹ̀tọ́ Ará Ìlú Lórí Ẹ̀rọ Ìbánisọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹjọ́ Eléko ti Ìsàlẹ̀ Èkó

Àṣamọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé lórí òfin àti àṣẹ tí ó de ẹ̀rọ ayárabíàṣá, fóònù alágbèéká àti íntánẹ́ẹ̀tì ní Nàìjíríà. Ẹjọ́ Ọba Èṣùgbàyí Eléko, èyí tí Privy Council dá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní ọdún 1931, ni ó fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó fi hàn pé ìbéèrè tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó gbé dìde nígbà tí ìjọba amúnisìn lé ọba wọn kúrò nílùú kò yàtọ̀ sí èyí tí ó yẹ kí ará ìlú béèrè nígbà tí ìjọba dí ọ̀nà Twitter ní 2021: òfin wo ni ó fún yín láṣẹ? Àpilẹ̀kọ náà tún yẹ agbára àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wò, ó sì dá àbá fún àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá.

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ẹni tí wọ́n dí ọ̀nà kan mọ́ lè wá òmíràn gbà. Ṣùgbọ́n òwe náà dúró lórí nǹkan kan: ó gbà pé ọ̀nà pọ̀. Bí ó bá wá di pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó wọ ọjà, tí ọ̀nà náà sì ní bodè, ọwọ́ oníbodè ni ọjà wà.

Ní ayé àtijọ́, ìlú ńlá a máa ní odi, odi a máa ní bodè, bodè a sì máa ní oníbodè tí ń gba owó ibodè lọ́wọ́ oníṣòwò, tí ó sì lè dá àlejò dúró. Wíwà tí oníbodè wà níbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí ìlú tí kò ní bodè kò ní ààbò. Ohun tí ó ṣe kókó ni pé ta ni ó fi í síbẹ̀, ìlànà wo ni ó ń tẹ̀ lé, àti ọ̀dọ̀ ta ni ẹni tí ó bá fìyà jẹ lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ìbéèrè mẹ́ta yìí gan-an ni òfin ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ dá lé lórí lóde òní.

Bodè mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá

Nígbà tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìdúmọ̀tà bá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó máa ń dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà fò lójú òfuurufú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bodè mẹ́rin ni ó kéré tán tí ọ̀rọ̀ náà kọjá.

Bodè kìíní ni nọ́ńbà fóònù fúnra rẹ̀. Ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo ẹni tí ó ní káàdì SIM fi orúkọ, àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, àṣẹ mìíràn jáde pé kí oníkálukú so nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè (NIN) rẹ̀ pọ̀ mọ́ nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, ó ju mílíọ̀nù 70 ìlà fóònù lọ tí wọn kò lè fi pe ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí pé olówó wọn kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Bodè kejì ni ilé-iṣẹ́ tí ń ta ìpè àti déta. Ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ tí àjọ NCC fún wọn, Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003 sì ni ó de gbogbo wọn. Àjọ tí ó fúnni ní ìwé àṣẹ lè gbà á padà. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ó bá sọ̀rọ̀, wọ́n ní láti gbọ́.

Bodè kẹta ni okùn abẹ́ òkun. Okùn tẹligíráàfù àkọ́kọ́ láti òkè òkun gúnlẹ̀ sí Èkó ní 1886. Okùn SAT-3, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, wà lọ́wọ́ NITEL, ilé-iṣẹ́ ìjọba. Fún ọdún mélòó kan, ẹni tí ó bá fẹ́ lo okùn náà kò ní ibòmíràn tí yóò yà sí. Ìgbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni gbé okùn tiwọn wọlé, bí i MainOne ní 2010, ni ọ̀nà tó di méjì, mẹ́ta.

Bodè kẹrin ni ojú òpó tí ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ sí, bí i Facebook, WhatsApp tàbí Twitter tí ó ń jẹ́ X láti 2023. Òkè òkun ni oníbodè yìí ń gbé. Òun ni ó ṣe òfin ilé rẹ̀, òun ni ó sì ń dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá di èyíkéyìí mú nínú bodè mẹ́rin yìí lè dá ọ̀rọ̀ dúró láìfi ọwọ́ kan ẹni tí ó sọ ọ́. Ohun tí ó mú kí àṣẹ lórí ẹ̀rọ yàtọ̀ sí àṣẹ lórí ènìyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ayé íntánẹ́ẹ̀tì ni Èkó ti kọ́kọ́ rí i.

Ìwé ìròyìn, agogo àti ìjọba amúnisìn

Ọdún méjì péré lẹ́yìn tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹjọ ọdún 1861 ni Robert Campbell dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó. Ìwé Ìròyìn ti Henry Townsend ti ṣáájú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Bí ìwé ìròyìn ti ń pọ̀ sí i ní Erékùṣù Èkó ni ìbẹ̀rù ìjọba ń pọ̀ sí i.

Ní 1903, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tí yóò bá tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀, kí ó sì fi pọ́n-ùn 250 ṣe ìdógò. Owó ńlá ni nígbà náà. Ẹni tí kò bá ní i, kò sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kí ó má sọ̀rọ̀. Kò kàn ní lè tẹ̀ ẹ́ jáde ni. Ní 1909, òfin ìdìtẹ̀ tẹ̀ lé e, ó sì sọ ọ̀rọ̀ tí ó lè mú kí ará ìlú kórìíra ìjọba di ẹ̀ṣẹ̀. Agbẹjọ́rò Christopher Sapara Williams, tí ó wà nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, tako òfin méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn aṣojú ìjọba pọ̀ jù ú lọ. Ní 1928, wọ́n rán Herbert Macaulay lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà nítorí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde nípa ọ̀ràn Eléko.

Ọ̀ràn Eléko yìí pàápàá, orí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àtijọ́ ni ó ti le. Ní 1920, Macaulay bá Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá, ó sì mú ọ̀pá àṣẹ ọba lọ́wọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ níbẹ̀ nípa ipò Eléko kò dùn mọ́ ìjọba nínú. Wọ́n ní kí ọba rán akéde rẹ̀ kí ó lu agogo káàkiri ìlú láti sẹ́ ọ̀rọ̀ Macaulay. Ọba kọ̀. Agogo akéde ni ẹ̀rọ alátagbà ìgbà náà. Ohun tí agogo bá sọ, gbogbo agboolé láti Ìgá Ìdúngánrán títí dé Ẹ̀búté Èrò ni yóò gbọ́ ọ. Ọba mọ̀ pé bí òun bá yọ̀ǹda agogo fún ìjọba lọ́jọ́ kan, agogo náà kò tún ní jẹ́ ti ìlú mọ́. Nítorí èyí, ìjọba yọ ọwọ́ kúrò lẹ́yìn rẹ̀, kò kà á sí ọba mọ́.

Ìdájọ́ 1931 àti ohun tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1925, ìjọba pàṣẹ pé kí Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó, wọ́n sì mú un lọ sí Ọ̀yọ́. Òfin tí wọ́n gbára lé ni èyí tí a ṣe ní 1917 lórí lílé àwọn olóyè tí a ti rọ̀ lóyè kúrò ní agbègbè wọn. Òfin náà ní kí nǹkan mẹ́ta wà kí àṣẹ bẹ́ẹ̀ tó lè jáde: kí ẹni náà jẹ́ olóyè tàbí ẹni tí ó di ipò ìbílẹ̀ mú, kí a ti rọ̀ ọ́ lóyè, àti pé kí àṣà ìbílẹ̀ fẹ́ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kúrò nílùú.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò gbà. Wọ́n ní ta ni ó rọ̀ ọ́ lóyè, àti pé àṣà wo ni ó sọ pé kí ó kúrò ní Ìgá? Àwọn agbẹjọ́rò ọba ní kí ilé ẹjọ́ pàṣẹ pé kí ìjọba gbé e wá, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀. Àwọn adájọ́ ní Nàìjíríà fà sẹ́yìn. Èrò wọn ni pé bí Gómìnà bá ti pàṣẹ, kò sí ohun tí ilé ẹjọ́ tún fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní 1928, ó sì tún padà débẹ̀ ní 1931.

Lord Atkin ni ó ka ìdájọ́ náà. Kókó rẹ̀ ni pé kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan, bí ó ti wù kí ipò rẹ̀ ga tó, tí ó lè fọwọ́ kan òmìnira tàbí dúkìá ọmọ ìlú, àfi bí ó bá lè fi hàn níwájú adájọ́ pé òfin fún òun láṣẹ. Ìkejì, adájọ́ kò gbọdọ̀ bẹ̀rù láti yẹ irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ wò nítorí pé ìjọba ni ó kàn. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà sí Èkó kí wọ́n lọ wádìí bóyá nǹkan mẹ́ta tí òfin bèèrè wà lóòótọ́. Kí ìwádìí yẹn tó parí, Gómìnà Donald Cameron jẹ́ kí ọba padà wálé ní 1931. Ó wàjà ní 1932.

Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun tí ìdájọ́ yìí kò sọ. Kò sọ pé ìjọba kò lágbára. Kò tilẹ̀ sọ pé ọba jàre lórí gbogbo ẹ̀sùn. Ohun tí ó sọ ni pé ẹrù àlàyé wà lórí ẹni tí ó lo àṣẹ, kò sí lórí ẹni tí wọ́n lò ó lé lórí. Títí di òní ni àwọn agbẹjọ́rò ní Nàìjíríà fi ń tọ́ka sí i.

Dídí ọ̀nà Twitter ní 2021

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2021, Ààrẹ Muhammadu Buhari gbé ọ̀rọ̀ kan sórí Twitter tí ó mẹ́nu ba ogun abẹ́lé. Ní ọjọ́ kejì, ilé-iṣẹ́ náà yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò pé ó lòdì sí òfin ilé wọn. Ní ọjọ́ kẹrin, ìjọba kéde pé òun ti dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù sọ pé NCC ti pàṣẹ fún wọn láti dí ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá tẹ Twitter lórí fóònù rẹ̀ ní Ọ̀jà Balógun kàn rí i pé kò ṣí mọ́ ni. Bodè kejì ni ìjọba fi ti bodè kẹrin. Agbẹjọ́rò Àgbà àti Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́ tún ní kí wọ́n pe ẹni tí ó bá ṣì ń lò ó lẹ́jọ́.

Òwe àtijọ́ ṣiṣẹ́ níbi yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn wá ọ̀nà mìíràn. Wọ́n lo VPN, èyí tí ń mú ọ̀rọ̀ gba ilẹ̀ òkèèrè kọjá kí ó má bàa bá oníbodè ilé pàdé. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tí àwọn oníbàárà rẹ̀ kò mọ VPN kò rí ọjà tà níbẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà títí di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2022 ni ọ̀nà náà fi wà ní dídí, ó ju oṣù méje lọ.

Àjọ SERAP àti àwọn ọmọ Nàìjíríà 176 gbé ọ̀ràn náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ ECOWAS. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù keje ọdún 2022, ilé ẹjọ́ náà dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí ẹ̀tọ́ àtisọ̀rọ̀, nítorí pé kò sí òfin tàbí àṣẹ ilé ẹjọ́ tí ó gbára lé. Ẹni tí ó bá ti ka ẹjọ́ Eléko yóò mọ ìró yìí. Ní 1925, ìjọba ní òfin kan lọ́wọ́ tí ó ní kókó mẹ́ta, ìjà sì wà lórí bóyá wọ́n mú kókó náà ṣẹ. Ní 2021, òfin pàápàá kò sí.

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999 fi ìlànà kan náà lélẹ̀. Abala 39 fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti ní èrò, láti sọ ọ́ àti láti gba ti ẹlòmíràn. Abala 37 dáàbò bo àṣírí ilé, lẹ́tà, ìpè fóònù àti tẹligíráàfù. Abala 45 gbà kí ìjọba dín ẹ̀tọ́ wọ̀nyí kù nítorí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ òfin tí ó bójú mu ní ìlú olóṣèlú tiwa-n-tiwa. Ìkéde láti ẹnu mínísítà kì í ṣe òfin.

Nígbà tí òfin bá wà, ṣùgbọ́n tí kò ní ààlà

Níní òfin nìkan kò tó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí Òfin Ìwà Ọ̀daràn Orí Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá. Ọ̀pọ̀ nínú òfin náà dára, nítorí ó gbógun ti àwọn gbájúẹ̀ àti àwọn tí ń fọ́ àpò ìfowópamọ́ ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n abala 24 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó burú jáì sí ènìyàn, tàbí irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti bí ẹlòmíràn nínú tàbí láti ni ín lára. Ìjìyà rẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù méje náírà, tàbí méjèèjì.

Ta ni yóò sọ ìwọ̀n ọ̀rọ̀ tí ó tó láti bí ènìyàn nínú? Òtítọ́ korò, inú sì lè bí ẹni tí a sọ ọ́ fún. Bí olùkọ́ kan bá kọ ọ́ sórí WhatsApp pé alága ìjọba ìbílẹ̀ kò san owó oṣù, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá dùn lè ní irọ́ ni, kí ọlọ́pàá sì wá mú olùkọ́ kí adájọ́ tó rí i. Agbẹjọ́rò Solomon Okedara gbé abala yìí lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ní 2017 pé kò ní ààlà. Ó pàdánù níbẹ̀, ó sì tún pàdánù ní Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní 2019. Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ni ó sọ ní 2020 àti ní 2022 pé kí Nàìjíríà tún abala náà ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àtúnṣe jáde. Ọ̀rọ̀ nípa bíbí ènìyàn nínú kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó kù ni àwòrán ìṣekúṣe, àti irọ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ pa láti da ìlú rú tàbí láti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ewu. Ààlà náà ṣe kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kan lè da ìlú rú ṣì ni ọlọ́pàá tí ó kọ́kọ́ mú ni.

Oníbodè tí kì í ṣe ìjọba

Àṣìṣe ni láti rò pé ìjọba nìkan ni oníbodè. Twitter tí ó yọ ọ̀rọ̀ Ààrẹ kúrò kò gba àṣẹ ilé ẹjọ́ kankan kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá lè ṣe é fún Ààrẹ, ó lè ṣe é fún akẹ́kọ̀ọ́. Ìdájọ́ Eléko de òṣìṣẹ́ ìjọba. Kò de oníṣòwò. Ìwé àdéhùn tí oníkálukú ń tẹ “mo gbà” sí láìkà á ni ó dúró gẹ́gẹ́ bí òfin níbẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì líle ni wọ́n sì máa ń fi kọ ọ́.

Níbi yìí, ìjọba gan-an ni ó yẹ kí ó gbèjà ará ìlú. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tí ń rí sí ìdíje òwò àti ẹ̀tọ́ oníbàárà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tí ó ni Facebook àti WhatsApp. Lára ẹ̀sùn náà ni pé ilé-iṣẹ́ yìí kò fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní irú ẹ̀tọ́ lórí ìwífún ara wọn tí ó fún àwọn ará Yúróòpù. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ olùdájọ́ tí Meta gbé ọ̀ràn náà lọ bá ti FCCPC lẹ́yìn. Ṣáájú èyí, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti fọwọ́ sí òfin tí ó dáàbò bo ìwífún ara ẹni. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tí wọ́n gba ìwífún rẹ̀ lè béèrè ohun tí wọ́n fi ń ṣe, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe, ó sì lè fa ìyọ̀ǹda tí ó ti ṣe sẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n ìjọba tí ń gbèjà ìwífún ará ìlú lọ́wọ́ Meta ni ó kó ìtẹ̀ka gbogbo onífóònù jọ. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìbéèrè kan náà ni ó yẹ kí ó kan oníbodè méjèèjì.

Ohun tí ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá

Ẹ̀tọ́ tí ènìyàn kò ní orúkọ fún, kò lè béèrè fún un. Ìdí nìyí tí ọ̀ràn yìí kò fi jẹ́ ti agbẹjọ́rò nìkan. Láti fi ìmọ̀ yìí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́, àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ lò léraléra títí wọn yóò fi rọrùn lẹ́nu: “ìwífún ara ẹni” fún ohun tí ilé-iṣẹ́ mọ̀ nípa ènìyàn, “ìyọ̀ǹda” fún ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n tó lò ó, “ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́” fún ohun tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ mú wá, “dídí ọ̀nà” fún ohun tí wọ́n ṣe sí Twitter. Kò sí èyí tí ó ṣàjèjì nínú wọn.

Nínú kíláàsì àròkọ aláríyànjiyàn, olùkọ́ lè pín akẹ́kọ̀ọ́ sí ọ̀nà méjì lórí ẹjọ́ Eléko, kí apá kan ṣe agbẹjọ́rò ìjọba, kí èkejì ṣe ti ọba. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé Twitter sí ipò ọba, kí wọ́n sì wo ibi tí àwíjàre kọ̀ọ̀kan ti yí padà. Nínú iṣẹ́ ògbufọ̀, ìwé àdéhùn ojú òpó kan tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ ni kí wọ́n túmọ̀ ojú ìwé kan nínú rẹ̀ sí Yorùbá tí ìyá arúgbó lè gbọ́. Iṣẹ́ náà yóò fi ohun tí wọ́n ti fọwọ́ sí hàn wọ́n.

Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé àṣẹ lórí ọ̀rọ̀ máa ń gba orí ẹ̀rọ tí ń gbé ọ̀rọ̀ wá: agogo akéde ní 1920, ìdógò ìwé ìròyìn ní 1903, okùn abẹ́ òkun, káàdì SIM, àti ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ ń yí padà, bodè ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ẹjọ́ ọba Ìsàlẹ̀ Èkó fi lélẹ̀ kò tíì gbó: ẹni tí ó bá ti bodè ni yóò fi òfin tí ó fún un láṣẹ hàn, iwájú adájọ́ sì ni yóò ti fi í hàn. Òfin náà gbọ́dọ̀ ní ààlà tí ará ìlú lè rí kí ó tó tẹ̀ ẹ́ lójú. Ní ti àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí ìdájọ́ 1931 kò dé ọ̀dọ̀ wọn, òfin 2023 ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé ó wà ni ó lè lò ó.